Àǹtí oníbírò mẹ́ta ní Ṣómólú: bí wọ́n ṣe bá mi ka ìwé ìtàn mi, àti iye tó ná mi

Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, àmọ́ mo ní kí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ parí, kí n má lọ máa yin èèyàn kí n tó rí ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ti parí báyìí, ìwé náà wà níwájú mi, ojú ewé 212, torí náà mo lè la ẹnu mi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ ni ti àwọn tó máa ń bá èèyàn ka ìwé àfọwọ́kọ kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, àwọn tá à ń pè ní ẹ́dítọ̀, pàápàá ẹni tó lè ṣe é lórí ìtàn tí wọ́n fi Yorùbá kọ, torí àwọn yẹn ò pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá wọn rí mọ̀.

Ìtàn mi dá lórí ìdílé kan ní Èkó: Mọ́ọ̀mi tó wá láti abúlé wá kí ọmọ ẹ̀, Adéwálé ọmọ náà, àti Bọ̀sẹ̀ ìyàwó ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á wọnú orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó mọ nǹkan tí kálukú ń rò tí kò lè sọ síta, torí gbogbo wàhálà ilé yẹn, ohun tí wọn ò sọ fúnra wọn ló fà á. Mo ro pé mo ti ṣe é. Mo fún ọ̀rẹ́ mi kan kà, ó ka orí mẹ́rin, ó dá a padà, ó ní ìtàn náà dùn àmọ́ ó ń rẹ òun, ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi rìmóòtù yí tẹlifíṣọ̀n mọ́ èèyàn lójú, òun ò tíì jókòó ti ẹnì kan tán tí wọ́n á ti gbé e lọ. Àbúrò mi obìnrin náà kà á, ó ní "ta ló ń ronú níbí?" Ìgbà tí ẹni méjì tí ò mọra wọn bá sọ nǹkan kan náà fún èèyàn, kì í ṣe ọ̀tá ni wọ́n.

Mo kọ́kọ́ gbé e fún àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní dárúkọ wọn. ₦45,000 ni wọ́n gbà, ọjọ́ mẹ́rin péré wọ́n ti ní àwọn ti ṣe tán. Nígbà tí mo ṣí fáìlì, gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ ti lọ, gbogbo ọ ti di o, gbogbo ẹ ti di e, "ọkọ" àti "oko" ti di ìkan náà, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi lédè òyìnbó pé kí n ṣọ́ra fún ojú ìwòye, ìyẹn ojú ẹni tí a fi ń wo ìtàn, kí n máa lo "he" àti "she" dáadáa kó lè yé àwọn èèyàn ẹni tí mò ń sọ. Nínú ìwé Yorùbá o! Níbo ni mo ti fẹ́ rí he àti she? Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe torí owó nìkan, torí pé ó hàn sí mi pé ẹnikẹ́ni ò ka ohun tí mo fi ọdún méjì kọ.

Ọ̀gá kan tó ń tẹ kálẹ́ńdà ló júwe Àǹtí fún mi. Ó ní kí n lọ sí Ṣómólú, kí n béèrè "àǹtí oníbírò mẹ́ta". Gbogbo Èkó ló mọ Ṣómólú mọ́ ìwé títẹ̀, ìwé ìpè ìyàwó, jọ́tà, kálẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ọmọ iléèwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo sọ̀ ní Palmgrove, mo gun kẹ̀kẹ́ wọlé, mo béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ń júwe wọn fún mi lóòótọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, yàrá kan ṣoṣo, àwọn tó ń gé ìwé wà nísàlẹ̀, òórùn yíǹkì gba gbogbo àtẹ̀gùn, ariwo ẹ̀rọ ń mi pákó tábìlì wọn díẹ̀díẹ̀. Kò sí síníbọ́ọ̀dù. Tísà Yorùbá ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n má kọ orúkọ àwọn síbì kankan torí èèyàn méjì lóṣù ni àwọn lè kà, àwọn ò fẹ́ kí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Torí náà ẹ má bi mí lórúkọ, ẹ lọ béèrè bí mo ṣe béèrè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wọn kì í gba fáìlì. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, á fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà, á gbé e wá. Wọ́n á bi èèyàn pé àwọn wo lo fẹ́ kí a wọ inú orí wọn nínú ìtàn yìí, kálukú á sì gba àwọ̀ bírò tiẹ̀. Tèmi, Mọ́ọ̀mi gba àwọ̀ ewé, Bọ̀sẹ̀ gba pupa, Adéwálé gba búlúù. Wọ́n á wá máa ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ẹni tó lè mọ nǹkan tí gbólóhùn yẹn sọ. Ìyẹn nìkan ni. Wọn ò tíì tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe, wọn ò tíì sọ pé ibí dáa tàbí kò dáa. Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n na orí kìíní sí mi, ojú ewé náà dà bí aṣọ òfì, pupa lórí ewé, ewé lórí búlúù, ìpínrọ̀ kan wà tí àwọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀méje nínú ẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n jẹ́ kí n máa wò ó. Mo rí i lójú ara mi. Gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń gbìyànjú láti sọ, ó wà níbẹ̀.

Mo máa fi ibì kan hàn yín, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ Àǹtí ti yé mi jù. Mọ́ọ̀mi wà ní kíṣìnì, wọ́n fẹ́ wo nǹkan tí ìyàwó sè. Bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn nìyí:

"Mọ́ọ̀mi ṣí ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n rí i pé ẹran méjì péré ló wà níbẹ̀. Inú bí wọn. Wọ́n rò ó nínú ara wọn pé ọmọ òun ti rù. Bọ̀sẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í, ó mọ̀ pé Adéwálé ò tíì gbowó oṣù, òun ò sì lè sọ. Ó mú ṣíbí, ó ro ọbẹ̀ náà pọ̀. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀."

Lójú tèmi, kò sóhun tó ṣe é. Àǹtí kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Ta ló mú ṣíbí? Ta ló wo ta ni? Ojú ta ni mo fi ń wo ìkòkò yìí?" Lóòótọ́, èmi tí mo kọ ọ́, mo mọ̀ pé Mọ́ọ̀mi ló mú ṣíbí, Bọ̀sẹ̀ ló mí kanlẹ̀, àmọ́ níbo ló wà nínú ìwé? "Ó" wa ò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń bá lọ. Òyìnbó tó bá fò láti orí ọkùnrin bọ́ sórí obìnrin nínú ìpínrọ̀ kan, he àti she á ṣì mú un dání díẹ̀. Tiwa ò ní ọ̀pá ìdúró yẹn. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí fífò kiri láàárín orí àwọn èèyàn fi ń tètè dá ìwé Yorùbá rú ju ti òyìnbó lọ, àti pé ẹni tó bá ka ìwé ìkọ́ni òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ yìí tó wá gbé e bẹ́ẹ̀ sórí Yorùbá, apá kan ló gbé.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó kàn, torí òun ló mú kí n sọ pé owó mi ò ṣòfò. Wọ́n fi ìka lé "wọ́n rò ó nínú ara wọn". Wọ́n bi mí pé, "Ta ló ń pe Mọ́ọ̀mi ní wọ́n?" Mo ní ìtàn ni, ma. Wọ́n ní rárá, ìtàn kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, èèyàn ló ń kúnlẹ̀. Bọ̀sẹ̀ ló ń pe ìyá ọkọ ẹ̀ ní wọ́n. Tí mo bá kọ "wọ́n", mo ti dúró sí ẹ̀yìn Bọ̀sẹ̀, mò ń wo àgbàlagbà láti ìsàlẹ̀. Mọ́ọ̀mi fúnra ẹ̀, nínú orí ara ẹ̀, kì í pe ara ẹ̀ ní wọ́n. Kò sí ìyá àgbà tó máa dá nìkan jókòó kó máa bọ̀wọ̀ fún ara ẹ̀. Torí náà tí mo bá fẹ́ wọnú orí Mọ́ọ̀mi, mo gbọ́dọ̀ ní ìgboyà kí n pè é ní "ó". Ara mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó dà bí ẹni pé mò ń rí àgbà fín. Àǹtí ní ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn, pé gbogbo ìwé mi, àwọn àgbà inú ẹ̀ ló dà bí ère, torí èmi tí mò ń kọ̀wé ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn láti ojú ewé kìíní, mi ò dìde wọnú ọkàn wọn rí.

Hàà. Mo jókòó síbẹ̀ mi ò lè fèsì. Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan lórí ojú ìwòye lédè òyìnbó, mo ti wo fídíò, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí, wọn ò sì lè sọ ọ́, wọn ò ní i nínú èdè wọn.

Wọ́n tún fi "ọmọ òun" hàn mí nínú gbólóhùn kan náà. Ẹ wò ó: ẹni tá a bá pè ní "wọ́n", tó bá ń sọ ti ara ẹ̀, "àwọn" ló máa ń jẹ́, "Mọ́ọ̀mi ní àwọn ò jẹun". "Òun" jẹ́ ti ẹni tá à ń pè ní "ó". Mo ti fi "wọ́n" bẹ̀rẹ̀, mo fi "òun" parí ẹ̀, ìyẹn ni pé mo bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà lẹ́yìn Bọ̀sẹ̀, kó tó parí mo ti kó sínú orí Mọ́ọ̀mi, èmi fúnra mi ò mọ̀. Àti "òun" yẹn, Àǹtí fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ní òun ni ilẹ̀kùn. "Ó ní òun ń bọ̀", ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ló ń bọ̀. "Ó ní ó ń bọ̀", ó lè jẹ́ ẹlòmíì. Ibi tí "òun" bá ti yọ, ẹnì kan ló ń rò ó tàbí ló ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lẹ́nu ẹni tó ń pìtàn. Wọ́n ní kí n lọ yí gbogbo "òun" inú orí kìíní po, kí n kọ orúkọ ẹni tó ni ín sókè ẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta. Ibi mọ́kànlá wà tí mi ò lè dáhùn.

Orúkọ náà ńkọ́? Èyí ni mo rò pé mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti ń pe ọkùnrin yẹn ní Adéwálé láti òkè délẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé Bọ̀sẹ̀ ń pe ọkọ ẹ̀ lórúkọ ni? Kò pè é. Bàbá Dàmọ́lá ló ń pè é, kódà nínú ọkàn ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló ń pè é ní Wálé. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Adé. Bọ̀sẹ̀ náà, "ìyàwó" ni lẹ́nu Mọ́ọ̀mi, tínú bá sì bí i, ó di "ọmọbìnrin yìí". Tí mo bá jẹ́ kí kálukú máa pe èèyàn bó ṣe ń pè é gan-an, ẹni tó ń kàwé ò nílò kí n sọ fún un pé a ti yí ojú padà, orúkọ tó kọ́kọ́ rí ti sọ fún un.

Mo bá wọn jiyàn ṣá, mi ò ní purọ́. Mo ní ma, nínú oríkì ńkọ́? Ẹni tó ń kì èèyàn á pè é ní "ìwọ" ní ìlà kan, ó di "ó" ní ìlà kejì, ó di "èmi ọmọ" onítọ̀hún ní ìlà kẹta, kò sí ẹni tó ń ráhùn, kò sí ẹni tó ń ṣìnà. Kí ló dé tí èmi ò fi lè fò kiri bẹ́ẹ̀, àbí kì í ṣe ìlànà wa ni? Inú wọn dùn sí ìbéèrè náà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń kì ọ́ dúró níwájú ẹ, ò ń rí ojú ẹ̀, ò ń gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, ó ń tọ́ka, ara ẹ̀ ló so gbogbo àwọn "èmi" yẹn pọ̀. Ìwé ò ní ara. Ohun tí apohùn ń fi ọwọ́ àti ojú ṣe, akọ̀wé gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ṣe é. Mo gbà fún wọn níbẹ̀, àmọ́ mo ṣì rò pé ẹnì kan máa wá lọ́jọ́ kan tó máa kọ ìwé ìtàn tó ń ṣe bí oríkì tó sì máa já sí i. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe nínú ìwé yìí.

Wọn ò fi ìwé òyìnbó dẹ́rù bà mí, ìwé wa ni wọ́n kọ́kọ́ fà jáde. Wọ́n ní kí n rántí pé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá, èyí tí wọ́n máa ń kà sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní Yorùbá, tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti òkè délẹ̀, "èmi, èmi", tó ń fi ayé ara ẹ̀ kọ lẹ́tà, ọkùnrin ló sì kọ ọ́, Isaac Thomas tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà. Nínú àwọn lẹ́tà náà, ọkùnrin náà ò yọjú sí i pé "èmi Thomas rò pé". Wọ́n ní kí n wá wo Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà, 1938. "Èmi" méjì ló wà níbẹ̀, èmi akọ̀wé tó jókòó tó mú kálámù, àti èmi Àkàrà-ògùn tó ń ròyìn ohun tójú ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan náà, "mo", ni àwọn méjèèjì ń lò, ẹnikẹ́ni ò sì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, torí Fágúnwà jẹ́ ká rí ìgbà tí bàbá náà dé, tó jókòó, tó ní kí akọ̀wé máa kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì tún rí ìgbà tó dìde lọ sílé. Ẹnu ọ̀nà wà níbi àbáwọlé, ẹnu ọ̀nà wà níbi àbájáde.

Mo béèrè bóyá mo kàn lè kọ orúkọ kálukú sórí àkòrí, kó parí síbẹ̀. Wọ́n ní William Faulkner ará Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú As I Lay Dying ní 1930, èèyàn 15 ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, orúkọ wà lókè apá kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ wọ́n ní kí n fi ọwọ́ bo orúkọ lórí tèmi, kí n wò ó bóyá mo ṣì lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ bò ó. Mi ò mọ̀. Mọ́ọ̀mi àti Adéwálé ń ronú bákan náà, pẹ̀lú gbólóhùn gígùn, pẹ̀lú òwe, àfi bí èmi alára.

Iṣẹ́ ilé tí wọ́n fún mi ni pé kí n kọ ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn lẹ́ẹ̀méjì, kí n má dà wọ́n pọ̀. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́fà. Ti Mọ́ọ̀mi wá di báyìí:

"Ó ṣí ìkòkò. Ẹran méjì. Ó fi ṣíbí wá ìsàlẹ̀ wò, bóyá ìyókù ti rì sínú ẹ̀fọ́, méjì náà ni. Abájọ tí ọrùn Wálé fi gùn bíi ti àkùkọ tí wọ́n tu ìyẹ́ ẹ̀. Ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wolẹ̀. Ẹni tó bá mọ nǹkan tóun ṣe ló ń wolẹ̀."

Ti Bọ̀sẹ̀:

"Mọ́ọ̀mi ṣí ìkòkò. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ṣíbí bọ ìsàlẹ̀, wọ́n ń wá nǹkan tí Bọ̀sẹ̀ mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ó wolẹ̀. Tó bá gbójú sókè, wọ́n á bi í, tí wọ́n bá sì bi í, á ní láti sọ pé ó ti pé oṣù méjì tí Bàbá Dàmọ́lá ti gbowó kẹ́yìn, Bàbá Dàmọ́lá sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí ìyá òun gbọ́."

Ẹ rí i, obìnrin kan wolẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Lẹ́ẹ̀kìíní ó dà bí olè, lẹ́ẹ̀kejì ó ń bo ọkọ ẹ̀ láṣìírí. Kò sí ẹni tó lè rí méjèèjì nínú ilé yẹn, ẹni tó ń kàwé nìkan ló rí i, ọkàn ẹ̀ á sì máa dùn ún fún àwọn obìnrin méjèèjì. Nígbà tí mo dà wọ́n pọ̀ sínú ìpínrọ̀ kan, mo ti pa ìrora yẹn kí a tó bí i, torí mo ti sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ náà ṣe irú ẹ̀ nínú Stay With Me, 2017, Yéjídé sọ tiẹ̀, Akin sọ tiẹ̀, tọkọtìyàwó ni wọ́n, ohun tí Akin mọ̀ tí Yéjídé ò mọ̀ ló ń ti ìwé náà lọ síwájú. Mo ti ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀méjì kí n tó pàdé Àǹtí, mo gbádùn ẹ̀, mi ò rí bí wọ́n ṣe ṣe é.

Àwọn nǹkan tó kù tí wọ́n kọ́ mi, ẹ lè rí i níbòmíì: pé kí n má yí ojú padà láàárín ìran kan, kí n fi àlàfo sílẹ̀ tàbí ìràwọ̀ mẹ́ta, pé kí ìlà méjì àkọ́kọ́ ti jẹ́ kó hàn pé ọ̀dọ̀ ẹni báyìí la wà, pé tí mi ò bá mọ orí ẹni tó yẹ kí n wọ̀ nínú ìran kan, kí n wo ẹni tó máa pàdánù jù níbẹ̀. Ó dáa láti gbọ́ ọ ṣá.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn mọ́ mi. Wọ́n pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sẹ̀ méje ló gbà, láàárín ẹ̀ ó tó ọjọ́ mọ́kànlá tí mò ń pè tí wọn ò gbé e, mo ti rò pé ìwé mi ti sọnù. Ara wọn ni kò yá, wọ́n sọ ọ́ nígbà tó yá, mo sì bá wọn kẹ́dùn, àmọ́ téèyàn bá ní ọjọ́ tó dá fún atẹ̀wé, kó fi oṣù kan kún un. Ìkọ̀wé wọn ṣòro láti kà, àwọ̀ ewé yẹn pàápàá, tí iná ò bá sí, èèyàn ò lè rí i. Owó, ṣáájú ni wọ́n ń gbà á, gbogbo ẹ̀, nípa tránsífà. Àmì orí ọ̀rọ̀ ò sí nínú owó tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ìgbà tí mo rò pé mo ti san tán ni wọ́n ní ọ̀tọ̀ ni ti àmì, ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọn kì í tún gbólóhùn ṣe fún èèyàn o, kí ẹni tó bá ń wá ẹni tó máa bá a kọ ọ́ má lọ síbẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè, ìwọ lo máa jókòó ṣe é, ìbéèrè yẹn sì lè gba oorun lójú èèyàn.

Ibì kan sì wà tí a ò ti gbà fúnra wa títí di òní. Mo ní orí méjì tí mo fi ojú Dàmọ́lá kọ, ọmọ ọdún méje. Àǹtí ní kí n yọ ọ́, wọ́n ní orí èèyàn mẹ́ta tí à ń wọ̀ ti tó fún ìwé tí kò tó ojú ewé 220, wọn ò tiẹ̀ ra bírò kẹrin fún un, lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ṣe tiẹ̀. Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo yọ ọ̀kan, mo fi ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tí mo fi sílẹ̀, alẹ́ ọjọ́ ọbẹ̀ yẹn náà ni. Dàmọ́lá ò ga tó láti rí inú ìkòkò, kò mọ nǹkan kan nípa ẹran, ohun tí ojú ẹ̀ bá ni etí ìró Màmá Àgbà. Ó rí i tí wọ́n tú etí ìró náà, tí wọ́n yọ owó tí wọ́n ká jáde, tí wọ́n gbé agolo iyọ̀ sókè, tí wọ́n fi owó sábẹ́ ẹ̀, tí wọ́n wá fi ìka lé ètè sí òun. Mọ́ọ̀mi ò lè sọ èyí nínú orí tiẹ̀, torí kò ní rò ó, á kàn ṣe é ni. Bọ̀sẹ̀ á rí owó náà lọ́jọ́ kejì, á rò pé ọkọ òun ló fi síbẹ̀. Ta ló máa wá rí i tí kì í bá ṣe ọmọ yẹn? Mo kọ ọ́ báyìí fún Àǹtí sórí bébà, mo so ó mọ́ orí náà, mo gbé e lọ. Nígbà tí mo padà gbà á, wọn ò kọ nǹkan kan sí etí ẹ̀. Ìlà lẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí àwọ̀ míì níbẹ̀. Wọ́n ṣì ní àwọn ò fara mọ́ ọn.

Owó ẹ̀ nìyí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀: ₦500 fún ojú ewé kan, ojú ewé 212 jẹ́ ₦106,000. Àmì orí ọ̀rọ̀ jẹ́ ₦150 lórí ojú ewé kan, ₦31,800. Gbogbo ẹ̀ ₦137,800, mi ò ka owó ìwé tí mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta àti owó ọkọ̀. Kò kéré, pàápàá lẹ́yìn tí mo ti kó ₦45,000 sọnù síbòmíì. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ìkan tó kù, torí ọjọ́ mọ́kànlá yẹn ni. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn tí ẹnì kan ṣoṣo ń sọ, "èmi" láti òkè délẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má nílò wọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí èèyàn inú ìwé ẹ̀ bá ju ẹyọ kan tó ń ronú lọ, tó sì jẹ́ pé àgbà àti ọmọdé ni wọ́n, tàbí ọkọ àti ìyàwó, tàbí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, kó lọ. Kó lọ láàárọ̀, kí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ká lè gbọ́ra ẹni, kó sì tẹ ìwé ẹ̀ ní lẹ́tà ńlá torí ojú wọn.

Àbúrò mi ti ń ka èyí tí mo tún kọ. Ó dé orí kẹfà ní àná, ó pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ó ní, "Ṣé Bọ̀sẹ̀ ò wá ní mọ̀ láéláé pé Mọ́ọ̀mi ló fowó yẹn síbẹ̀ ni?" Mo ní kó máa kà á lọ.